Irinṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì: ká kọ tiwa ni àbí ká mú open source?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀. Tíìmù kan á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sọ́fítíwíà wọn á máa dàgbà, àwọn tẹ́sítà, ìyẹn àwọn tó ń yẹ sọ́fítíwíà wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, á máa fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì kan náà lójoojúmọ́ títí ọrùn ọwọ́ á fi máa dùn wọ́n, ni ẹnì kan á bá sọ nínú mítìn pé ó tó àsìkò kí kọ̀ǹpútà máa ṣe tẹ́ẹ̀sì yìí fúnra ẹ̀. Gbogbo èèyàn á gbà. Ìgbà tí wọ́n bá wá bèèrè pé irinṣẹ́ wo la fẹ́ lò ni ariwo máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ká kọ tiwa torí pé ápù wa ò rí bíi tàwọn ẹlòmíì, àwọn tó kù á ní kí ló dé tá a fi máa jókòó máa kọ ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn open source, irinṣẹ́ tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe. Mo ti wà nínú irú mítìn bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo sì ti bá irinṣẹ́ oríṣi méjèèjì jẹ, mo bá wọn mu, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ tẹnu mi.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó máa rojọ́: ibi tí ápù yín bá ti jọ ti gbogbo ayé, ẹ mú open source. Ibi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ tiyín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kéré. Kẹ́ ẹ tó pinnu èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àwọn open source tá a ń pariwo yìí ti wá ná. Selenium, irinṣẹ́ tó ń bá tẹ́sítà darí búráúsà, tí ò sí tẹ́sítà tí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún 2004, Jason Huggins ń ṣiṣẹ́ ní ThoughtWorks, wọ́n ní ápù kan níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ àti owó tí wọ́n ná sílẹ̀, ó wá kọ kóòdù JavaScript kan tó máa ń bá a tẹ ápù yẹn nínú búráúsà. Appium tó wà fún ápù fóònù náà bẹ́ẹ̀, Dan Cuellar ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2011 nígbà tó wà ní Zoosk, torí pé tẹ́ẹ̀sì ápù iOS wọn ń pẹ́ jù. Robot Framework tóun náà jẹ́ irinṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì, inú Nokia Siemens Networks ló ti dàgbà kí wọ́n tó tú u síta lọ́dún 2008. Torí náà ẹni tó bá ń bú ẹni tó fẹ́ kọ tiẹ̀ pé ó fẹ́ fi àkókò ṣòfò, kó rọra, torí iṣẹ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ gan-an lòun náà ń lò lónìí.

Ohun tó sọ Selenium di Selenium ni pé wọ́n gbé e síta, àwọn tí ò dé ThoughtWorks rí bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí ápù tí ò jọ ti ThoughtWorks rárá, wọ́n ń rí àléébù ẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n tún ń rí òmíràn. Simon Stewart mú WebDriver wá, ọ̀nà míì tí kóòdù ń gbà darí búráúsà, wọ́n da méjèèjì pọ̀, Selenium 2 sì jáde lọ́dún 2011. Nígbà tó fi máa di 2018, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ti sọ WebDriver di ìlànà tí gbogbo búráúsà ń tẹ̀ lé, àwọn tó ń ṣe búráúsà gan-an ló sì ń kọ apá tó ń darí ẹ̀: Google ń ṣe ti Chrome, Mozilla ń ṣe ti Firefox, Apple ń ṣe ti Safari. Ilé-iṣẹ́ yín, bó ti wù kó lówó tó, ṣé ó fẹ́ bá àwọn mẹ́ta yẹn du iṣẹ́ yẹn ni?

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo ohun kékeré kan dáadáa, ìyẹn títẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó fẹ́ kọ irinṣẹ́ tiẹ̀ á rò pé kí ló tún wà níbẹ̀, ṣebí kéèyàn wá bọ́tìnnì náà rí lórí pèéjì kó sì tẹ ẹ́ ni, ó parí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á ṣiṣẹ́. Tó bá yá, bọ́tìnnì á ti wà nínú pèéjì ṣùgbọ́n kò tíì hàn síta, ẹni náà á wá fi kún kóòdù ẹ̀ pé kó dúró títí á fi hàn. Tó bá tún yá, á hàn ṣùgbọ́n á ṣì máa rìn, torí pé ẹni tó ya pèéjì yẹn fẹ́ kó rọra yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kóòdù á lọ tẹ ibi tí bọ́tìnnì wà tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì á sì ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n á tún ìyẹn ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn bọ́tìnnì á dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n àpótí tó ń bèèrè bóyá o gba cookies á ti bò ó mọ́lẹ̀, àpótí yẹn ni kóòdù máa tẹ. Wọ́n á tún ìyẹn náà ṣe. Ó kù ọjọ́ tí nǹkan kan ò bò ó, tí ò rìn, tó hàn kedere, ṣùgbọ́n tó ṣì wà ní títì pa torí pé fọ́ọ̀mù ò tíì pé.

Playwright, irinṣẹ́ open source tí Microsoft tú síta lọ́dún 2020, máa ń yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò fúnra ẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ṣé ó hàn? Ṣé ó dúró sójú kan, ìyẹn ni pé nínú férémù méjì tó tẹ̀ léra, ṣé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà? Ṣé òun gan-an lọwọ́ máa bà, àbí nǹkan míì ló wà lórí ẹ̀? Ṣé wọn ò tì í pa? Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá pé ló tó máa tẹ ẹ́. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti kọ Puppeteer, irinṣẹ́ míì tó ń darí Chrome, ní Google kí wọ́n tó lọ sí Microsoft, torí náà ojú wọn ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà lè kọ ọ́ o, mi ò sọ pé ẹ ò lè kọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé títẹ bọ́tìnnì nìkan la ṣì ń sọ yìí, a ò tíì dórí kíkọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, yíyan ọjọ́, gbígbé fáìlì sókè, pèéjì tó wà nínú pèéjì, tábù tuntun tó ṣàdédé ṣí.

Nínú àwọn irinṣẹ́ àfọwọ́kọ, ìyẹn èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ fúnra wọn, tí mo ti bá pàdé, ìdáhùn sí gbogbo wàhálà yìí sábà máa ń jẹ́ laini kan ṣoṣo: dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Tó bá ṣì ń kùnà, wọ́n á sọ ọ́ di mẹ́wàá. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó parí kéèyàn tó mu omi tán á fi máa gba gbogbo àárọ̀, tá á sì tún máa kùnà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Ìkùnà yẹn gan-an ló burú jù, èyí tí wọ́n ń pè ní flaky, tẹ́ẹ̀sì tó máa yege láàárọ̀ tó máa kùnà lọ́sàn-án láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù. Google fúnra wọn kọ ọ́ síta lọ́dún 2016 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ẹ̀sì wọn tó ní irú ìṣòro yìí dé ìwọ̀n kan. Google nìyẹn o, pẹ̀lú gbogbo èèyàn tí wọ́n ní. Tẹ́ẹ̀sì tó bá ti ń ṣe báyìí, kò ní pẹ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù á fi sọ pé ẹ má dá a lóhùn, ẹ kàn tún tẹ́ẹ̀sì náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjọ́ tó bá sì wá rí bug gidi, ìyẹn àṣìṣe nínú ápù, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Búráúsà náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2021 Chrome kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin fún ẹ̀dà tuntun. Gbogbo ẹni tó bá ti lo Selenium pẹ́ ló mọ error yẹn, èyí tó máa ń sọ pé chromedriver yìí, ìyẹn driver tó ń darí Chrome, ò bá ẹ̀dà Chrome tó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí mu, tí gbogbo tẹ́ẹ̀sì á sì pupa, ìyẹn ni pé wọ́n á kùnà, láàárọ̀ ọjọ́ kan torí pé Chrome ti ṣe ọ́pdéètì fúnra ẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó yá, lọ́dún 2022, Selenium 4.6 gbé Selenium Manager wá tó ń lọ wá driver tó yẹ fúnra ẹ̀, a sinmi. Èmi ò kọ laini kan nínú ẹ̀, tíìmù mi ò kọ laini kan nínú ẹ̀, ẹnì kan níbì kan ló tún un ṣe fún gbogbo wa. Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ tiyín ni, ẹ̀yin ni ẹnì kan yẹn.

Ẹ̀yin ni, àmọ́ ta gan-an nínú yín? Irinṣẹ́ àfọwọ́kọ sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ nǹkan tó ń ṣe, tó fẹ́ràn ẹ̀, tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ẹ̀ tún un ṣe. Nígbà tẹ́ni yẹn bá wà, kò sí irinṣẹ́ tó dùn tó o, ẹ bèèrè nǹkan láàárọ̀, á ti wà níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, kò sí open source tó máa dá yín lóhùn báyẹn. Ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ síbòmíì ló kù. Mo ti jogún irú ẹ̀ rí, fáìlì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n kọ sókè ẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, wọn ò sọ ìdí, kò sì sí ìwé kankan tó ṣàlàyé ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò hùwà ibi sí ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ sọ ìyẹn kó yé yín, ilé-iṣẹ́ ni ò fún un láyè láti kọ ìwé, torí lójú wọn irinṣẹ́ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà, torí náà kò sí nínú ètò iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo ti rí i pé irinṣẹ́ àfọwọ́kọ ń ṣe dáadáa títí di ẹ̀yìn, wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n fún un ní àkókò nínú ètò ọ̀sẹ̀, èèyàn méjì ó kéré tán ló mọ inú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn mánìjà kì í fi kún ìṣirò, ó sì máa ń dùn mí. Àwọn ọmọ tuntun tó ń wọṣẹ́ tẹ́sítà, tẹ́ ẹ bá gbé wọn sórí irinṣẹ́ tí ò sí níbòmíì láyé, gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa kù sí. Wọ́n á mọ ọ́n tinú-tòde, wọ́n á lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíì, wọ́n á bi wọ́n nípa Selenium, nípa Playwright, nípa pytest, wọ́n á kàn máa wòye. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbà wọlé náà ńkọ́? Ẹni tó mọ Playwright á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá ṣòro fún un á wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó jẹ́ pé tiyín, àfi kó wá bá yín lórí tábìlì yín.

Mo ti ń ti open source lẹ́yìn látàárọ̀, ó yẹ kí n sọ tibẹ̀ náà, torí pé àwọn kan gbà pé ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́ kò lè já wọn kulẹ̀. PhantomJS, gbogbo èèyàn ló ń lò ó nígbà kan láti ṣe tẹ́ẹ̀sì láìṣí búráúsà síta. Lọ́dún 2017 Chrome kéde pé àwọn náà máa ṣe headless tiwọn, ìyẹn búráúsà tó ń ṣiṣẹ́ láìhàn síta, oṣù kan náà ni ẹni tó ń tọ́jú PhantomJS sọ pé òun ń fi í sílẹ̀, nígbà tó sì di 2018 wọ́n dá iṣẹ́ lórí ẹ̀ dúró. Protractor, irinṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì míì, tíìmù Angular ní Google ló ni ín, kò tún sí ẹ̀yìn tó le tó yẹn mọ́, síbẹ̀ lọ́dún 2021 wọ́n ní àwọn máa pa á tì, ó sì parí lọ́dún 2023. Àwọn tó ní tẹ́ẹ̀sì rẹpẹtẹ lórí ẹ̀ ní láti kó gbogbo ẹ̀ lọ síbòmíì. Àwọn èèyàn á máa sọ pé ṣebí kóòdù ẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ lè gbé e kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ fúnra yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e náà ló di irinṣẹ́ in-house, ìyẹn ti inú ilé-iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́, ẹ ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ìdajì nínú ẹ̀.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń yan open source, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń fi kóòdù síbẹ̀, ta ló ń san owó oṣù wọn, ìgbà wo ni wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde kẹ́yìn, àwọn ẹ̀sùn tí èèyàn ń kó wá, ṣé ẹnikẹ́ni ń dá wọn lóhùn? Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ò gba àkókò, Apache 2.0 ni Selenium, Playwright àti Robot Framework, MIT ni Cypress tóun náà jẹ́ irinṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì, ẹ fi han agbẹjọ́rò yín kẹ́ ẹ máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pèéjì lọgín dán an wò. Gbogbo irinṣẹ́ ló ń ṣe lọgín dáadáa, òun ni wọ́n fi ń ṣe àfihàn. Ẹ mú pèéjì tó burú jù nínú ápù yín, èyí tó ní tábìlì tó ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ béèyàn ṣe ń yí i, tó ní PDF tó ń jáde, tó ń ṣí tábù míì. Ẹni tó bá fi Cypress dán irú pèéjì yẹn wò á ti rí i lọ́jọ́ yẹn pé inú búráúsà gan-an ló ń gbé, pé kì í darí tábù méjì pọ̀, á sì mọ̀ bóyá ìyẹn kan òun tàbí kò kan òun.

Ibo wá ni tiwa ti wúlò? Ó wúlò gan-an. Ká ní ohun tẹ́ ẹ ń ṣe jẹ́ ẹ̀rọ tó ní skríìnì tiẹ̀, tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní ìlànà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, kò sí Playwright kankan tó mọ̀ ọ́n, ẹ máa kọ simulator yín ni, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ yẹn, kò sí ọgbọ́n míì. Dátà fún tẹ́ẹ̀sì náà ńkọ́? Oníbàárà tó ní àkáǹtì méjì, tí wọ́n ti tì ọ̀kan, tí gbèsè wà lórí ìkejì, tí kò tíì fi ìdánimọ̀ ẹ̀ hàn: ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ nínú dátábéèsì yín, ẹni tó bá kọ kóòdù tó ń ṣe é ní laini kan ti ṣe gbogbo tẹ́sítà lóore. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ náwó sí. Mo ti rí ilé-iṣẹ́ tó ná gbogbo agbára wọn sórí kíkọ ohun tó ń tẹ bọ́tìnnì, tí àwọn tẹ́sítà wọn sì ń fọwọ́ ṣẹ̀dá oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan kí tẹ́ẹ̀sì tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Kóòdù tẹ́ ẹ bá kọ sórí open source, ẹ jẹ́ kó fúyẹ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fi kóòdù tiwọn bo Selenium débi pé kò sí ẹni tó tún rí Selenium mọ́, títẹ bọ́tìnnì ní orúkọ tiwọn, dídúró ní orúkọ tiwọn, kódà error gan-an wọ́n ti yí i padà sí ọ̀rọ̀ tiwọn tó kàn ń sọ pé nǹkan kan ò lọ dáadáa. Ìwé tí àwọn Selenium kọ ò wúlò fún wọn mọ́, ohun tí ẹlòmíì bá kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá tiwọn mu, ìyà open source pẹ̀lú ìyà in-house ni wọ́n ń jẹ pọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá fi orúkọ iṣẹ́ gan-an pe kóòdù tèmi, bíi ṣíṣí àkáǹtì, sísan owó, dídá owó padà, màá sì jẹ́ kí inú ẹ̀ jẹ́ Playwright gbangba tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Tó bá wá jẹ́ pé irinṣẹ́ àfọwọ́kọ ti wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ kúrò lórí ẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ gbogbo tẹ́ẹ̀sì tún láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kì í parí. Tẹ́ẹ̀sì tuntun, orí irinṣẹ́ tuntun. Ti àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ títí apá tó ń yẹ̀ wò nínú ápù á fi yí padà, kẹ́ ẹ wá gbé e sọdá nígbà yẹn. Èyí tí kò bá tíì rí bug kankan látọjọ́ tó ti wà, ẹ bi ara yín bóyá ó yẹ kó sọdá rárá.

Kẹ́ ẹ sì ka kóòdù àtijọ́ yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Nígbà tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àbúrò kan nínú tíìmù wa rí laini kan lẹ́yìn pèéjì ìsanwó tó ní kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méje. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yọ eléyìí? Playwright ò nílò ẹ̀." Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó kọ apá ìsanwó ná kó tó yọ ọ́. Ó lọ, ó bá wọn jókòó. Ó wá hàn pé owó tí pèéjì bá ti sọ pé ó ti lọ, kò tíì lọ gan-an, iṣẹ́ míì kan wà lẹ́yìn tó máa ń padà wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tí iṣẹ́ yẹn bá sì kùnà, kò sẹ́ni tó máa sọ fún oníbàárà. Kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó kọ ìṣẹ́jú-àáyá méje yẹn ti mọ̀, ó kàn kọ ọ́ bó ṣe lè kọ ọ́ ni. A yọ ìdúró yẹn, a fi tẹ́ẹ̀sì méjì rọ́pò ẹ̀, ọ̀kan tó ń wò ó bóyá owó wọlé lóòótọ́, èkejì tó ń wò ó bóyá oníbàárà gbọ́ nígbà tí kò wọlé. Tẹ́ẹ̀sì kejì yẹn kùnà lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ṣe é, ó sì yẹ kó kùnà.